Èsì wa lórí tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ gbígbẹ́ tí ẹ fún ní ìràwọ̀ kan

A dúpẹ́ pé ẹ kọ̀wé, mà. Ẹ ní tábìlì ń mì, ẹ ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba, ẹ ní orí rẹ̀ ti là, ẹ wá fi kádìí rẹ̀ pé "iṣẹ́ ọmọṣẹ́ ni." Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí kí ẹ tó gbé iṣẹ́ wá fún wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu wa náà.

Kò sí ọmọṣẹ́ tó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ tábìlì yẹn. Èmi fúnra mi ni mo gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹsẹ̀ tó tẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹranko. Ọjọ́ 4 oṣù 3 ni mo gé igi wọn, igi oníhà mẹ́rin tó nípọn ní íǹṣì 3. Mo kọ́kọ́ gbẹ́ ihò tí pákó abẹ́ tábìlì máa wọ̀ nígbà tí igi ṣì gún, torí bí ẹsẹ̀ bá ti tẹ̀, kò sí ojú gígún tí èèyàn máa fi wọn nǹkan mọ́. Lẹ́yìn náà ni mo fi àwòṣe páálí fa ilà sí ojú méjì. Mo fi ayùn gé ojú kìíní, mo fi téèpù lẹ àwọn tó já padà sí àyè wọn kí ilà ojú kejì má baà sọnù, mo wá gé ìyẹn náà. Láti ibẹ̀, ọwọ́ ni: fáìlì, irin tí a fi ń fá igi, sáńpépà. Orúnkún á yọ, ọrùn-ẹsẹ̀ á tín-ín-rín, àtẹ́lẹsẹ̀ á tún fẹ̀.

Ọrùn-ẹsẹ̀ yẹn ni iṣẹ́ wà. Bí iṣan igi, ìyẹn àwọn ilà tó gba inú igi lọ, kò bá gba ibẹ̀ kọjá tààrà, ọjọ́ tí ẹnìkan bá wọ́ tábìlì nílẹ̀ ló máa ṣẹ́. Ní ọjọ́ 11, bí mo ṣe ń fá ẹsẹ̀ kẹta, ojú kókó dúdú kan yọ níbẹ̀ gan-an, kò ju orí ìṣáná lọ. Ọmọṣẹ́ mi àgbà ní ká fi fáníṣì bò ó, pé oníbàárà kò ní rí i. Mo ju ẹsẹ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ohun tó jẹ́ ká pẹ́ nìyẹn. A fi ọ̀sẹ̀ kan àti ọjọ́ méjì kọjá àdéhùn, a kò sì pè yín títí ẹ fi pè wá. Ẹ̀bi wa ni, ẹ má bínú.

Gíga ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba. Kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ 29, mo gbé e lé orí gíláàsì tí a fi ń yẹ iṣẹ́ wò. Bébà kò gba abẹ́ ẹsẹ̀ kankan kọjá. Orúnkún kan fi díẹ̀ yọ ju èkejì lọ, òótọ́ ni, ọwọ́ èèyàn ló gbẹ́ ẹ. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n bára mu bí ike, kó sọ fún wa ṣáájú. Àmọ́ ẹ wo àwòrán tí ẹ̀yin fúnra yín yà: ẹsẹ̀ mẹ́ta wà lórí táìlì, ẹ̀kẹrin gun etí kápẹ́ẹ̀tì. Tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin wo ni kò ní mì?

Orí tó là ló dùn mí jù. Ẹ kọ ọ́ pé orí tábìlì dẹ̀, pé bí ẹ bá tì í, ó ń yẹ̀ díẹ̀. A mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Igi kì í kú tán. Bí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, pákó á fẹ̀; bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, á súnkì. Gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà rárá, ìbú rẹ̀ ló ń lọ tó ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi fi igi kéékèèké mẹ́jọ dì í mú lábẹ́, tí imú wọn wọ inú ihò tó láyè, kó lè ráyè mí. Káfíńtà tí ẹ pè kan ìṣó mẹ́fà mọ́ ọn. Mo ka orí wọn nínú àwòrán kejì. Ẹ̀rọ amúlétutù wà lókè rẹ̀, pákó fẹ́ súnkì, ìṣó kò gbà fún un, ó là láti ìṣó kan dé èkejì, ó tọ iṣan igi lọ gbọnrangandan. Ẹ kò mẹ́nu ba ìṣó nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ. Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá.

Ó yẹ ká ti kọ ọ́ fún yín pé kí ẹnikẹ́ni má fún orí tábìlì le. A ti ń lẹ ìwé rẹ̀ mọ́ abẹ́ gbogbo tábìlì wa báyìí.

Ẹ gbé e wá. N ó yọ ìṣó, n ó ṣe orí tuntun láti inú pákó tó ti gbẹ dáadáa, n kò ní gba owó kankan. Bí ẹ kò bá sì fẹ́ ẹ mọ́, ẹ ó gba owó yín pé, n ó gbé tábìlì mi padà, mo mọ ibi tí n ó gbé e sí. Ẹsẹ̀ yẹn nìkan ni n kò ní fọwọ́ kàn. Kí ẹ tó máa bọ̀, ẹ fa kápẹ́ẹ̀tì kúrò lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ tún fọwọ́ mì ín wò.