Òjò Ṣú, Ẹ Gbé Kẹ́ẹ̀gì

Bí òjò bá ṣú ní Àkúrẹ́ báyìí, kì í ṣe agboòrùn ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá nínú ilé, kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n á fi ra bẹntiróòlù pamọ́ ni. Láti Ìjàpọ̀ dé Ìjọ́kà, láti Òkè-Àró dé Ọ̀dà, kí ojú ọ̀run ṣáà ti dúdú díẹ̀, ẹ ó rí baálé ilé tó yọ síta, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 lọ́wọ́ ọ̀tún, lítà 10 lọ́wọ́ òsì, ó ń yan bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè. Màmá àwọn ọmọ ti gba ọ̀nà Ọjà Ọba lọ. Àwọn ọmọdé tó ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ òṣòòrò nìkan ni orí wọn ṣì pé nínú ilé náà.

Ẹ má bi wọ́n pé kí ló dé. Ohùn kan ló wọlé lórí WhatsApp, ohùn ẹni tí kò dárúkọ ara rẹ̀, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tó ní àbúrò òun tó ń bá àwọn awakọ̀ táńkà epo ṣiṣẹ́ ní Ọ̀rẹ̀ pe òun pé ọ̀nà ti já, pé epo ò ní wọ̀lú mọ́. Ọ̀nà wo? Kò sọ. Ọjọ́ wo? Ó lè jẹ́ òjò èṣí ni wọ́n ti gba ohùn ọ̀hún sílẹ̀. Ìparí rẹ̀ ni kì í yí padà: "Ẹ fi ṣọwọ́ sí gbogbo ẹni tí ẹ bá fẹ́ràn." Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìfẹ́ ti di ìlà ọkọ̀ tó ti ilé epo yọ sí títì Ọba Adéṣidà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Táńkà epo tó wọ́pọ̀ lójú títì wa ń gbé lítà 45,000. Bí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan bá ra lítà 15 bí ìṣe rẹ̀, ọkọ̀ 3,000 ni táńkà kan yóò fún lépo. Lọ́jọ́ tí òjò bá ṣú, ta ló ń ra 15? "Ẹ kún un" ni wọ́n ń sọ: lítà 50 sínú ọkọ̀, lítà 25 sínú kẹ́ẹ̀gì tó wà ní bọ́ọ̀tù. Lítà 75 lórí ẹnì kan ṣoṣo. Táńkà kan náà ti di ti ọkọ̀ 600 nìyẹn. Àwọn 2,400 tó kù á wo ẹ̀rọ tó ti kú, wọ́n á ká ọwọ́ lérí: "A ti wí fún yín, epo ti wọ́n!" Òjò ò tíì kán. Epo ò sì dín ní ìlú, ó kàn kúrò lábẹ́ ilẹ̀ ilé epo, ó lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn èèyàn ni. Táńkà mìíràn sì ti dé láti ọ̀nà tí wọ́n ní ó já, ṣùgbọ́n kò ráyè wọlé, nítorí ìlà àwọn tó ń wá epo ti dí ẹnu géètì pa.

Àwọn àgbà ní òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Àwọn tó ń sá fún òjò ló wá tò síta gbangba fún un.

Bí wọ́n ṣe ń bu epo náà gan-an ló tún burú. Inú bọ́ọ̀tù ni kẹ́ẹ̀gì ń wà tí wọ́n fi ń ki ẹnu ọ̀pá bọ̀ ọ́, nígbà tó jẹ́ pé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló yẹ kó wà, kí iná tó ń fara pamọ́ sára ike má baà ṣáná. Wọ́n á sì rọ ọ́ títí dé ọrùn, torí wọn ò fẹ́ kí olówó epo rẹ́ wọn jẹ. Bẹntiróòlù máa ń wú: bí ooru bá fi digíríì 10 lé, epo á fi nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lé. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí ẹ kún lálẹ́ nínú òtútù òjò, bí oòrùn ọ̀sán ọjọ́ kejì bá pa á, ìdá mẹ́rin lítà kan á máa wá ibi tó máa gbà. Ike á yọkùn, ìdérí á máa jò. Oru epo wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà kì í lọ sókè, ilẹ̀ ló ń rá gbà. Níbo ni wọ́n sì gbé kẹ́ẹ̀gì sí? Ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná, nítosí sítóòfù gáàsì. Wọ́n ní ibẹ̀ ni olè ò ní rí i.

Ẹ má rò pé àwa nìkan ni. Ní Amẹ́ríkà, bí wọ́n bá ní yìnyín ń bọ̀, búrẹ́dì, wàrà àti ẹyin ni wọ́n máa ń gbá mọ́ lórí àtẹ, bí ẹni pé yìnyín kì í jẹ́ kí ènìyàn jẹ ìrẹsì. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, tí àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì dá ọ̀pá epo Colonial dúró níbẹ̀, àjọ ìjọba wọn tó ń rí sí ààbò oníbàárà ní láti kìlọ̀ ní gbangba pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe bu epo sínú ọ̀rá. Ó kéré tán, kẹ́ẹ̀gì ni tiwa.

Ó yá, ọjà ńkọ́? Ohun tí òjò máa ń tètè bà jẹ́ gan-an ni wọ́n ń rà. Búrẹ́dì mẹ́fà fún ènìyàn mẹ́rin: nínú ọ̀rinrin yìí, kó tó di ọjọ́ karùn-ún ó ti hu irun. Tòmátì apẹ̀rẹ̀ kan: èyí tó wà nísàlẹ̀ ti fọ́ láti Òkè Ọya wá, omi rẹ̀ á sì kó bá ti òkè. Àfi kí wọ́n lọ̀ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, kí wọ́n sè é kí omi gbẹ, kí wọ́n dín in, ta ló sì fẹ́ dúró nídìí ìkòkò lẹ́yìn ìjà Ọjà Ọba? Gàrí àpò kan tí ẹnikẹ́ni ò kọ́kọ́ bu síkùn ọwọ́ kó fún un wò. Bí gàrí bá dì mọ́wọ́, kò gbẹ, ọ̀rá tí ẹ bá sì so ó mọ́ á jẹ́ kó bu. Ẹ̀wà nìkan ló gbọ́n. Bí ó bá gbẹ dáadáa, tí ẹ dà á sínú kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ tí ẹ dé e pinpin, kòkòrò á kú fún àìrí afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì ti lọ sílé epo, òórùn bẹntiróòlù kì í sì í kúrò lára ike mọ́.

Ẹja ló dùn mí jù. Páálí títùs kan wọ fíríísà, atẹ́gùn fẹ́ igi lu wáyà, iná lọ. Fíríísà tó kún, bí wọn ò bá ṣí i, lè dì í mú fún wákàtí 48. Èyí tó kún dé ìdajì, wákàtí 24. Ṣùgbọ́n wákàtí-wákàtí ni wọ́n ń ṣí i láti wò ó bóyá ó ṣì dì. Ó wá kan jẹnẹrétọ̀, "I pass my neighbour" tí wọ́n torí rẹ̀ ra lítà 25. Ẹ̀rọ kékeré yẹn lè gbé gílóòbù, fáànù àti tẹlifíṣọ̀n. Fíríísà ńkọ́? Bí ó bá fẹ́ gbéra, agbára tó ń bèèrè pọ̀ ní ìlọ́po-ìlọ́po ju èyí tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ. Jẹnẹrétọ̀ á kérora, á sì kú. Nítorí òjò, wọ́n ti gbé e wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí gáàsì olóró inú èéfín rẹ̀ ti lè pa odidi ìdílé lójú oorun láìsí òórùn kankan tó máa ta wọ́n lólobó. Èyí kì í ṣe ẹ̀fẹ̀: ẹ gbé e síta, jìnnà sí fèrèsé, tàbí kẹ́ ẹ pa á.

Ẹ̀rù náà ò ṣàdédé wá o. Lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinúbú ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, epo tí lítà rẹ̀ kò tó 200 náírà ti fò kọjá 480 kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Ẹni tó ra kẹ́ẹ̀gì kan lálẹ́ ọjọ́ náà jèrè, àwọn aládùúgbò sì rí i. Láti ìgbà náà ni gbogbo ìkùukùu ti jọ ìkéde ìjọba lójú wọn. Ìlú tó fi iyọ̀ wẹ̀, tó tún mu omi iyọ̀ torí Ẹ̀bólà ní 2014, kí ló kù tí a ò ní gbà gbọ́?

Àwọn tó yẹ kí òjò bà lẹ́rù ni àwọn tó kọ́lé sí bèbè odò Alà, àti àwọn tí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ti dí gọ́tà iwájú ilé wọn. Lọ́jọ́ tí gbogbo ìlú ń ra nǹkan yìí, kò sẹ́ni tó ra ṣọ́bìrì.

Ohun tó tó ilé ènìyàn márùn-ún fún ọjọ́ mẹ́ta láìsí iná nìyí: ìrẹsì kóńgò 2, gàrí kóńgò 2, ẹ̀wà kóńgò 1, epo pupa ìgò 1, ẹja gbígbẹ, iyọ̀, ìṣáná tí ẹ wé sínú ọ̀rá, tọ́ọ̀ṣì àti bátìrì rẹ̀, omi mímu kẹ́ẹ̀gì lítà 25 méjì. Bí ẹ bá ní "I pass my neighbour", bẹntiróòlù lítà 5, kí ẹ sì po ọ́ìlì mílílítà 20 mọ́ lítà kọ̀ọ̀kan. Yàtọ̀ sí omi, Márúwá kan á gbé gbogbo rẹ̀, á tún rí ibi gbé èrò méjì. Ṣùgbọ́n ẹrù tí ò kún bọ́ọ̀tù, ta ló fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀ sí WhatsApp?