Ẹ̀yin lọ́yà, ẹ jẹ́ kí aláìsàn jí ná

Mi ò bá lọ́yà jà o. Bí kì í bá ṣe tiwọn, ọ̀pọ̀ onítírélà tó ń ti èèyàn wọgbó lójú ọ̀nà Jẹ́bà ni yóò kàn ní "ẹ má bínú", tí wọn yóò sì máa bá tiwọn lọ. Àwọn tí mò ń bá wí ni àwọn tó ń rán alágbàtà wọ wọ́ọ̀dù lọ bá ẹni tí kò tíì mọ ibi tó wà.

Mo lọ kí ìyá kan ládùúgbò wa tí ọkọ̀ gbá nítòsí Gánmọ̀, nílé ìwòsàn kan níbí n'Ílọrin. Omi tí wọ́n fà sí wọn lára ò tíì tán. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé, ṣẹ́ẹ̀tì funfun, fáìlì lábíyá. "Ẹ kú aájò o, Ọlọ́hun á fún wọn ní àlàáfíà." A ṣe àmín, a rò pé ẹbí wọn kan ni. Àfi bó ṣe fa bébà yọ, tó gbé ìǹkì lé ẹ̀gbẹ́ oògùn wọn, tó sì di àtàǹpàkò Ìyá mú. Àbúrò wọn ló já ọwọ́ náà gbà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní fọ́ọ̀mù lásán ni, pé lọ́yà tó jẹ́ ọ̀gá òun fẹ́ bá wa gba owó gbà-má-bìínú. A ka fọ́ọ̀mù lásán yìí: ìdajì owó tí wọ́n bá rí gbà, ti ọ̀gá ni, Ìyá ò sì gbọdọ̀ gba lọ́yà mìíràn.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ó mọ orúkọ Ìyá, ó mọ nọ́ńbà ọkọ̀ náà, ó mọ tésàn tí wọ́n gbé dírẹ́bà lọ. Kò lá a lálàá. Ẹnì kan tó ń gba owó oṣù ìjọba ló tà á fún un.

Òfin ìwà tí wọ́n ṣe fún àwọn lọ́yà sọ ọ́ kedere: lọ́yà ò gbọdọ̀ máa wá ẹni tó fara pa kiri láti fi ṣe ẹjọ́, kò gbọdọ̀ rán alágbàtà, kò sì gbọdọ̀ fún ọlọ́pàá tàbí òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn lówó kó lè bá a mú iṣẹ́ wá. Kí lọ́yà gba ìpín nínú owó tí wọ́n bá jàre rẹ̀ kì í ṣe èèwọ̀, bó bá mọ níwọ̀n. Àmọ́ ta ló ń bá aláìsàn dúnàádúrà ìpín?

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ lọ́yà ní tí kò bá sí àwọn alágbàtà yìí, àwọn èèyàn wa ò ní rí kọ́bọ̀ gbà. Irọ́ kọ́ ni gbogbo ẹ̀. Níbí, kí ọjọ́ mélòó kan tó kọjá, àwọn àgbà ìhà méjèèjì á ti pàdé ní tésàn, ẹnì kan á ní kádàrá ni, dírẹ́bà á mú owó oògùn díẹ̀ wá, ó tán. Kò sẹ́ni tó máa bèèrè ìwé ìnṣọ́ránsì ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ ìnṣọ́ránsì third party, èyí tó ń sanwó fún ẹni tí ọkọ̀ bá gbá, dandan ni. Wọ́n ti sọ ti ọkọ̀ aládàáni di 15,000 náírà láti 5,000 ní January 2023, láti February 2025 sì ni ọlọ́pàá ti ń dá ọkọ̀ dúró bèèrè rẹ̀ lójú títì. Ẹni tí ọkọ̀ gbá gan-an ni wọ́n ṣe é fún! Wọ́n á bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò gbá ẹnikẹ́ni, ẹni tó wá gbá èèyàn, wọ́n á ní kó lọ bẹ ẹbí.

Kí ẹ̀ka NBA, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà, ní Ìlọrin lẹ ìwé mọ́ ara ògiri wọ́ọ̀dù, lédè Yorùbá: ẹ gba nọ́ńbà ọkọ̀, ẹ gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ọlọ́pàá, ẹ bèèrè ìnṣọ́ránsì. Ẹni tí agbára rẹ̀ ò ká lọ́yà, Legal Aid Council, àjọ ìjọba, ń ṣe ẹjọ́ ìjàm̀bá fún aláìní lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí ẹnì kan bá sì tún gbé ìǹkì wá, ẹ má lù ú. Ẹ ya fọ́tò bébà náà, kí orúkọ lọ́yà tó wà níbẹ̀ hàn dáadáa. LPDC ni ìgbìmọ̀ tó ń bá lọ́yà tó bá ṣẹ̀ wí, wọ́n sì lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé orúkọ àwọn lọ́yà.