"Ẹ́ńjìnì ń mu omi" kọ́ o, ibi tẹ́ ẹ ò wò ló ti ń jò

Ẹ jẹ́ kí n sọ eléyìí jáde kí n sinmi. Tí omi rèdíétọ̀ (omi oníkẹ́míkà tó ń mú ẹ́ńjìnì tutù) máṣíìnì ńlá, àwọn alùpùpù tí wọ́n fi ń rin ọ̀nà jíjìn yẹn, bá ti ń dínkù díẹ̀díẹ̀ tí ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ sì gbẹ táútáú, ohun kan náà ni gbogbo èèyàn máa ń sọ: ẹ́ńjìnì ti ń mu omi, gáskẹ́ẹ̀tì orí ẹ̀ (pẹlẹbẹ tó dí àárín orí ẹ́ńjìnì àti ara ẹ̀) ti jó, ẹ lọ tú u. Èmi náà gbà á gbọ́ tẹ́lẹ̀, mo tiẹ̀ ti fi dẹ́rù ba àwọn ẹlòmíì. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà ẹ́ńjìnì ò mu nǹkan kan, omi yẹn ń jò, ìgbà tẹ́ ẹ ò sí níbẹ̀ ló ń jò.

Gáskẹ́ẹ̀tì tó bá jó lóòótọ́ kì í sábà dákẹ́. Ẹ ó rí i tí afẹ́fẹ́ ń tú jáde ṣáá nínú omi rèdíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, hóòsì, rọ́bà tí omi ń gbà kọjá, á ti le bí òkúta láìpẹ́ tẹ́ ẹ sítáátì ẹ̀, èéfín funfun tó ń rùn dídùn á máa jáde ní sàlẹ́ńsà, kò sì ní dáwọ́ dúró kódà tó bá gbóná tán. Ọ́ìlì tó funfun bíi mílíkì náà jẹ́ àmì, àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún ìyẹn, máṣíìnì tó jẹ́ pé ìrìn kúkurú nìkan ló ń rìn lè ṣe bẹ́ẹ̀ látàrí ìrì inú ẹ́ńjìnì lásán. Tẹ́ ò bá rí ìkankan nínú gbogbo èyí, kí lẹ fẹ́ tú orí ẹ́ńjìnì fún?

Ibo wá lomi ń gbà lọ? Àwọn kan á ní tó bá jẹ́ pé ó ń jò ni, ìgbà tó bá gbóná la máa rí i. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ kò pé. Èyí tó bá jò nígbà tó gbóná, orí irin gbígbóná ló ń já sí, ó ti di ooru kó tó kan ilẹ̀, èyí tó bá ṣẹ́kù, afẹ́fẹ́ á fẹ́ ẹ lọ sẹ́yìn ike tó bo ara máṣíìnì. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ máa rí ò ju èérún funfun tàbí aláwọ̀ ewé lọ lẹ́nu hóòsì, àti òórùn kan tó dùn bíi ti ṣúgà. (Ẹ má jẹ́ kí ajá tàbí ológbò lá omi yẹn o, májèlé ni.)

Èyí tí ẹnikẹ́ni kì í sọ ni ti òtútù. Páìpù irin tí wọ́n ki hóòsì bọ̀, tó bá gbóná ó máa ń wú díẹ̀, á ti hóòsì mọ́ kílípù tó dì í mú, gbogbo ẹ̀ á dì pinpin. Tí ilẹ̀ bá ṣú tó tutù, irin á súnkì, hóòsì tó ti pẹ́ tó ti le bí igi ò ní lè tẹ̀lé e, kílípù onísúkúrù náà ò mọ̀ pé nǹkan kan ti yí padà, ibi tó wà náà ló máa wà, àlàfo tín-ín-rín á ṣí, omi á máa sun. Kílípù onísípíríǹgì ò ní ìṣòro yìí tó bẹ́ẹ̀ torí òun máa ń fún ara ẹ̀ tẹ̀lé hóòsì, àwa la máa ń yọ ọ́ dànù tá a ń fi onísúkúrù rọ́pò ẹ̀ torí ó jọ pé ìyẹn lágbára jù. Ilẹ̀ á wá mọ́, ẹ sítáátì, irin wú padà, ibẹ̀ dí, ẹ gbé e lọ bá mẹkáníìkì, ó yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tó gbóná, kò rí nǹkan kan. Kí ló máa sọ? Gáskẹ́ẹ̀tì.

Tèmi, ẹ́ńjìnì tó là bíi lẹ́tà V ni, hóòsì méjì wà nínú kòtò àárín ẹ̀ tójú ò lè tó àfi tẹ́ ẹ bá tú táńkì epo. Omi tó ń sun níbẹ̀ lálẹ́ ò dé ilẹ̀ rárá, ó kàn ń dágún sínú kòtò yẹn, tí mo bá gùn ún láàárọ̀ ooru ẹ́ńjìnì á fà á gbẹ. Ìyẹn tí mo bá fi sórí sítáńdì àárín o. Tó bá jẹ́ sítáńdì ẹ̀gbẹ́ ni, á fì sápá òsì, omi á sì ṣàn gba òsì kán tó-tó-tó, ẹ̀gbẹ́ tí kò sí hóòsì kankan. Bí oṣù méjì ni mo fi ń wá jíjò lápá òsì, ẹ wo wàhálà.

Tọ́ọ̀ṣì àti páálí ló tú àṣírí ẹ̀. Mo tú ike àti táńkì kúrò lálẹ́, mo tẹ́ páálí sábẹ́ ẹ̀, mo jí ní ìdájí, n ò tíì fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ tí mo fi tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀, omi aláwọ̀ ewé rèé tó ń dán. Tẹ́ ẹ bá ní pọ́ǹpù tí wọ́n fi ń dán rèdíétọ̀ wò, ìgbà tó bá tutù ni kẹ́ ẹ lò ó, ẹ fún un dé iye tí wọ́n kọ sórí ìdérí, 1.1 bar ló wà lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ má kọjá ẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi sílẹ̀ kó pẹ́ dáadáa.

Ohun míì tó ń tan èèyàn ni ike omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rèdíétọ̀. Tí ẹ́ńjìnì bá ń tutù, ó yẹ kó fa omi padà látinú ike yẹn, àmọ́ tí àlàfo bá wà níbì kan, afẹ́fẹ́ ló máa fà, omi inú ike á wà lójú àmì nígbà tí ti inú rèdíétọ̀ ti lọ sílẹ̀. Ẹ ṣí rèdíétọ̀ fúnra ẹ̀ wò, nígbà tó bá tutù o. Ihò kékeré tó wà nísàlẹ̀ wọ́tà pọ́ǹpù ńkọ́, wọ́n dìídì lu ìyẹn ni, tí síìlì tó ń dá omi dúró nínú pọ́ǹpù bá ti ń jẹ, ibẹ̀ lomi máa ń gbà jáde, mo ti rí ẹni tó fi gọ́ọ̀mù dí i pa, omi bá gba inú ọ́ìlì lọ.

Hóòsì méjì àti kílípù onísípíríǹgì mẹ́rin ni mo rà. Látìgbà yẹn omi ò kúrò lójú àmì. Mẹkáníìkì tó ní kí n tú orí ẹ́ńjìnì gbọ́, ó ní gáskẹ́ẹ̀tì yẹn ló wo ara ẹ̀ sàn.