A Kì Í Wà Létí Odò Ká Máa Jiyàn Ọṣẹ

Ọmọbìnrin kan wá bá mi ní ìsọ̀ mi lọ́jà Olúwo, níbí ní Ẹ̀pẹ́. Oòrùn ò tíì mú, ọkọ̀ ojú omi tó kó ẹja dé láàárọ̀ ò tíì lọ tán. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú ọjà o, Mà. Ajé á wọgbá." Mo ní, "Àṣẹ, ọmọ mi. Èwo lo fẹ́ nínú ẹja yìí?" Kò fẹ́ ra ẹja. Ìwé ló yọ nínú báàgì. Ó ti jáde ilé ẹ̀kọ́, kò ríṣẹ́, ó wá pinnu pé òun á máa yan ẹja àrọ̀, òun á máa dì í sínú ọ̀rá tó lórúkọ òun lára, òun á sì máa kó o lọ fún àwọn ará Àjáh àti Lẹ́kkí. Gbogbo rẹ̀ ló ti kọ sílẹ̀: ààrò ìgbàlódé, fìrísà ńlá, ọ̀rá, owó ṣọ́ọ̀bù ọdún kan. Àpapọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,000,000 náírà. Ibi tí wọ́n ti ń yá owó ló wá bi mí.

Mo ní, "Ẹja mélòó lo ti yan tà báyìí?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. "N ò tíì yan ọ̀kankan, Mà. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ rò pé wọ́n máa rà á?"

Níbi tí a wà, ọ̀sà tẹ́ lọ gbalaja níwájú wa. Òwe tó bọ́ sí mi lẹ́nu ni pé a kì í wà létí odò ká máa jiyàn ọṣẹ hó, ọṣẹ ò hó.

Bí a bá wà nínú yàrá, a lè fi ọ̀sán fi òru jiyàn lórí ọṣẹ. Ẹni tó sè é á ní ó ń hó, ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀ á ní irọ́ ni. Létí odò, omi rèé, aṣọ rèé, ọṣẹ rèé. Ká tẹ̀ ẹ́ bọmi, ká fi pa aṣọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń pa òwe yìí láti fi pẹ̀tù sí iyàn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni pé kò ṣèlérí pé ọṣẹ á hó. Ó kàn ní ká bi omi léèrè. Omi kì í ṣojúsàájú ẹnikẹ́ni.

Ta wá ni omi lọ́rọ̀ òwò? Ẹni tó máa ki ọwọ́ bọ àpò ara rẹ̀ ni. Ọ̀rẹ́ tó ní "ó dùn o, á tà gan-an" kì í ṣe omi. Ẹ̀gbọ́n tó tọ́ ọ wò lọ́fẹ̀ẹ́ tó ń fi ẹnu lá ìka kì í ṣe omi. Wọ́n fẹ́ràn rẹ, ìfẹ́ yẹn sì dára, ṣùgbọ́n ìyìn ò ná wọn ní kọ́bọ̀. Àlejò tí kò mọ̀ ẹ́ rí, tó gbé ẹja yẹn yí padà lọ́wọ́, tó dúnàá-dúrà, tó sì sanwó, òun ni omi. Bó bá tún padà wá lọ́sẹ̀ kejì láìjẹ́ pé o pè é, ọṣẹ ti ń hó nìyẹn.

Nítorí náà mo ní kó gbàgbé 3,000,000 yẹn ná. Kó ra kílò 12 ẹja àrọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń sin ẹja, kó wá síbi ààrò mi, kó yan án fúnra rẹ̀. Àgbá onírin tí wọ́n gé sí méjì ni ààrò mi, àwọ̀n onírin ló wà lórí rẹ̀. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ààrò yẹn tó fún ẹja 12 kílò, ó sì tó fún ogún.

Ó ṣe é. Ó fi iyọ̀ bó yọ̀ọ̀yọ̀ọ̀ ara ẹja kúrò, ó fọ̀ ọ́, ó ká ìrù mọ́ ẹnu, ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gún un kó má baà tú. Iná ò gbọdọ̀ pọ̀. Ẹni tó bá kánjú, òde ẹja á dúdú, inú rẹ̀ á ṣì tutù. Mo kọ́ ọ láti fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn orí ẹja, nítorí ibẹ̀ ló máa ń gbẹ kẹ́yìn. Bó bá ṣì rọ̀ níbẹ̀, ẹ dá a padà sórí iná, torí ibẹ̀ gan-an ni èbu ti máa bẹ̀rẹ̀ kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan nínú ọ̀rá. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó mú ẹja méjì, ó fi ọ̀kan lu èkejì, ó dún kó, bí igi. Ó rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tí a gbé e sórí ìwọ̀n ni ẹ̀rín yẹn dákẹ́. Kílò 12 ti di kílò 3. Omi ló pọ̀ jù nínú ara ẹja tútù. Kílò mẹ́ta sí mẹ́rin ló ń di kílò kan bó bá gbẹ dáadáa. Ẹ jẹ́ ká fi iye tó rà á lọ́jọ́ yẹn ṣe àpẹẹrẹ, torí iye ẹja kì í dúró lójú kan. Kílò kan tútù jẹ́ 4,000 náírà. Kílò 12 jẹ́ 48,000. Èédú 3,000, ọkọ̀ 2,000, iyọ̀ àti ọ̀rá 1,000. Gbogbo rẹ̀ di 54,000. Bí a bá dì í ní ìdámẹ́rin kílò, ọ̀rá 12 ló máa jẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ti jẹ 4,500 kí ẹnikẹ́ni tó rí èrè. Mo ti rí èèyàn tó ń ta kílò ẹja gbígbẹ ní 15,000, tó ń dunnú pé òun ra kílò kan ní 4,000. Àdánù 3,000 ló ń jẹ lórí kílò kọ̀ọ̀kan, bó sì ṣe ń tà sí i ni gbèsè ń gorí gbèsè. Ẹja rẹ̀ dùn, oníbàárà rẹ̀ pọ̀, òwò náà sì kú. Ìwé 20 ojú ewé àti bírò kan ì bá gbà á là.

Ẹni tó jìn sí kòtò ló kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, èmi náà sì ti jìn sí kòtò rí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fẹ́ máa di ẹja, orúkọ tí mo rò dùn mọ́ mi débi pé mo lọ tẹ ọ̀rá 2,000 kí n tó ta ẹyọ kan. Nígbà tí mo wá lọ forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, ẹlòmíràn ti ń jẹ́ orúkọ yẹn. Ọ̀rá yẹn wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi fún ọdún púpọ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì CAC. Ọ̀fẹ́ ni wíwò, kò sì ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Bí òwò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ díẹ̀, ẹ mú nọ́ńbà NIN yín, ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí orúkọ òwò, kí báǹkì lè ṣí àkáǹtì fún un ní orúkọ ara rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rántí ni pé ọdọọdún, kí ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹfà tó kọjá, a máa ń fi ìròyìn òwò ránṣẹ́ sí CAC. Ọdún tí a forúkọ sílẹ̀ nìkan ni kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣe é, owó ìtanràn á máa gorí ara wọn. Ẹ tún mọ̀ pé ìforúkọsílẹ̀ CAC kò sọ àmì ọjà yín di tiyín nìkan. Ọ́fíìsì mìíràn ló ń rí sí ìyẹn, l'Ábújá.

SMEDAN, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2003 fún àwọn oníṣòwò kéékèèké, kì í gba owó ìforúkọsílẹ̀. Ẹ lọ gba nọ́ńbà tiwọn, torí ìgbà ẹ̀kọ́ àti ìrànwọ́ ni wọ́n máa ń béèrè rẹ̀. Oúnjẹ tí a dì, tí a lẹ orúkọ mọ́ lára, tí a fẹ́ gbé wọ ilé ìtajà ńláńlá, ó di dandan kó ní nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò oúnjẹ àti oògùn. Ní ti owó orí, òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní 2026 sọ pé 800,000 náírà àkọ́kọ́ nínú owó tó yẹ kí ẹnìkan san owó orí lé lórí lọ́dún, kò ní san nǹkan kan lórí rẹ̀. Ìwé ìṣirò yín náà lẹ máa fi hàn pé ohun tó wọlé fún yín gan-an nìyí, kì í ṣe gbogbo owó tó gba ọwọ́ yín kọjá.

Ọ̀rọ̀ owó yíyá wá ńkọ́? Ohun tí mo sọ fún un ni pé a kì í yá owó láti fi mọ̀ bóyá ọṣẹ ń hó. Ọṣẹ tó ti ń hó tán là ń yáwó láti sè sí i. Alájọ wa níbí tó fún ìbẹ̀rẹ̀: iye kan náà lóòjọ́, bí oṣù bá pé, alájọ mú ti ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀, ó kó ìyókù fún ẹ. Kò sí èlé níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń kọ́ ọwọ́ ní ìṣọ́ra, báǹkì tó bá fẹ́ yá ẹ lówó lọ́la á sì fẹ́ rí i pé o lè san nǹkan déédéé. Lẹ́yìn alájọ, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Fi owó pamọ́ síbẹ̀ fún oṣù mélòó kan, wọ́n á yá ẹ ní ìlọ́po rẹ̀, àwọn tó mọ ilé rẹ á dúró fún ẹ. Ìjọba Èkó náà ní àjọ LSETF tó ń yá oníṣòwò lówó, tí òfin gbé kalẹ̀ ní 2016 fún àwọn tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ lọ síbẹ̀, kó ti gba nọ́ńbà olùgbé Èkó lọ́wọ́ LASRRA, kó sì wá onígbọ̀wọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ ni owó tí wọ́n ń yá lórí fóònù, tó ń wọlé ní ìṣẹ́jú márùn-ún, tí èlé rẹ̀ sì ń jẹ ènìyàn bí ikán. Mo mọ ọmọ tí wọ́n fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo orúkọ tó wà nínú fóònù rẹ̀ pé olè ni, lórí owó tí kò tó ti àpò ìrẹsì kan. Àjọ FCCPC, tó ń dáàbò bo oníbàárà, ní àkọsílẹ̀ àwọn tí òfin gbà láàyè láti yáni lówó báyẹn. Bí orúkọ wọn ò bá sí níbẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́ rárá, bó ti wù kí ebi òwò pa yín tó.

Àwìn tún wà níbẹ̀. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn láyé àtijọ́, wọ́n á dé ojúde onígbèsè, wọ́n á lóṣòó, wọ́n á ní àwọn ò ní dìde àfi bí owó bá jáde. Ibẹ̀ ni orúkọ Òṣómàáló ti wá. Ẹni tí kò bá lè lóṣòó, kó má tà láwìn.

Ó bi mí bóyá kò yẹ kóun kọ́kọ́ gba ṣọ́ọ̀bù. Mo ní ọ̀nà kan ò wọjà. Ní ìparí 1851 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó, Ẹ̀pẹ́ níbí ló kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá. Àwọn ọmọ wọn là ń pè ní Èkó-Ẹ̀pẹ́ títí dòní. Òwò ẹrú wà nínú ohun tó sọ ọ́ di olówó, n kò sì yìn ín fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: èbúté Èkó ti pa dé mọ́ ọn, ó gba èbúté Palma létí òkun, òwò rẹ̀ ò dúró. Ìwọ náà, fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ jẹ́ ọ̀nà. Ya àwòrán ẹja náà ní ìtànṣán òwúrọ̀, gbé e sórí WhatsApp, fi iye rẹ̀ sí i gbangba. Ilé ìjọsìn rẹ jẹ́ ọ̀nà. Obìnrin tó ti ń ta èlùbọ́ l'Ájáh jẹ́ ọ̀nà. Fún un ní ọ̀rá mẹ́rin, kó gba nǹkan díẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó ṣọ́ọ̀bù ọdún kan lè ra ẹja púpọ̀.

Ó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìwé yẹn náà ló tún yọ, ṣùgbọ́n ojú ewé tuntun ló ṣí. Ó ta ọ̀rá kọ̀ọ̀kan ní 6,000. Mẹ́sàn-án lọ lówó, méjì lọ láwìn, ìyá rẹ̀ fi ọ̀kan se ọbẹ̀. Mo ní kó ṣírò rẹ̀ fún mi. Ó fi ìka tọ̀ ọ́, ètè rẹ̀ ń mì: mẹ́sàn-án lọ́nà 6,000, 54,000. Iye tó ná gan-an. Gbogbo èrè rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn onígbèsè méjì àti nínú ìkòkò ìyá rẹ̀. Ó wò mí, mo wò ó, n ò sọ nǹkan kan, torí ó ti rí i fúnra rẹ̀.

Mo ní, "Kí làwọn tó rà á sọ?"

"Àwọn mẹ́ta ti ní kí n mú wá sí i, Mà. Obìnrin kan ní àwọn ọmọ òun kì í jẹ orí ẹja, pé bí mo bá lè gé orí kúrò, òun á máa ra márùn-ún lóṣooṣù." Ó sún mọ́ mi. "Mà, bí a bá gé orí kúrò, kílò mélòó ló máa kù?"

Mo fa ìwọ̀n súnmọ́ wa, mo ní kó lọ mú ọ̀bẹ wá.