Ẹ má fi iye ìlẹ̀kẹ̀ díye lé iṣẹ́ ọnà

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń dùn mí gan-an tí mo bá gbọ́ ọ níwájú iṣẹ́ ọnà tí èèyàn fọwọ́ ṣe: "Ṣebí ìlẹ̀kẹ̀ lásán nìyí, kí ló wá wọ́n tó báyìí?" Bí kì í bá ṣe ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n á ní páànù ni, tàbí àgékù aṣọ. Ẹni tó ń ná an ti ṣírò iye ohun èlò, kò ka ọwọ́ àti ojú tó ṣe é sí nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ ká wo Òṣogbo. Ìlú yẹn ni wọ́n bí Jimoh Buraimoh sí lọ́dún 1943. Iná orí ìtàgé ló ń bójú tó fún ẹgbẹ́ eléré Dúró Ládípọ̀, kó tó dara pọ̀ mọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí Georgina Beier, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó jọ lọ́dún 1964 láti kọ́ iṣẹ́ ọnà. Ìlẹ̀kẹ̀ ló wá fi ń ya àwòrán. Á sín in sí òwú, á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó ní ìlà-ìlà, ìlà náà á máa yí ojú, imú àti ẹnu po, ọ̀dà á sì kún àyè tó bá kù. Sún mọ́ ọn, ìlẹ̀kẹ̀ lo máa rí. Rìn sẹ́yìn díẹ̀, ojú èèyàn ló ń wò ọ́ yẹn!

Àwọn kan á ní, ṣé àwòrán wá ni àbí iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀? Adé ọba wa ńkọ́? Aṣọ wà nínú rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ bo ara rẹ̀, ojú èèyàn wà níwájú rẹ̀, ẹyẹ bà lé e lórí. Mi ò tíì gbọ́ pé ẹnì kan ní kí àwọn tó ń ṣe adé ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè mú ọ̀kan nínú gbogbo rẹ̀.

Ní Òṣogbo kan náà, Asíru Ọlátúndé, tó kú lọ́dún 1993, alágbẹ̀dẹ ni. Òòlù ló fi ń lu bàbà àti alumíníọ̀mù títí igi, ẹranko àti èèyàn á fi yọ jáde lójú páànù. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí; sìmẹ́ǹtì tó mọ̀ dunjú ló fi ṣe ọ̀pọ̀ ère àti ògiri tó wà ní Igbó Ọ̀ṣun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àdùnní Olórìṣà, ìyẹn Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà tó wá láti ilẹ̀ Austria. Igbó yẹn kan náà ni UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé lọ́dún 2005. Twins Seven-Seven, ayàwòrán Òṣogbo mìíràn, ní tiẹ̀ máa ń gé pákó pẹlẹbẹ, á tò ó léra, á sì ya àwòrán sí i.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí nìyí: kò sí èyí tó fi iṣẹ́ tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà nínú alágbẹ̀dẹ àti bíríkìlà yìí. Ohun tí ọwọ́ wọn ti mọ̀ gan-an ló di ọnà. Ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi tí wọ́n bá sọ fún ọmọ tó ń jó irin pọ̀, tàbí télọ̀ tó ń to àgékù ankárá di àwòrán, pé kó lọ kọ́ iṣẹ́ ọnà gidi. Èwo wá ni gidi? Irin àlòkù ni Dotun Popoola ń jó pọ̀ di ẹranko àti èèyàn. Àgékù ankárá ni Marcellina Akpojotor fi ń ya àwòrán èèyàn ní Èkó.

Ṣùgbọ́n nínú pálọ̀ wa, àwòrán òdòdó tí ẹ̀rọ tẹ̀, tó ti òkè òkun dé, ló wà lára ògiri. Ẹni tó rà á kò ná an púpọ̀. Níwájú ọmọ ìlú rẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ ti máa ń gbóná.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará mi, tí ẹ bá fẹ́ ra iṣẹ́ báyìí, ẹ bi ẹni tó ṣe é bó ṣe pẹ́ tó lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó dá owó lé e. Tó bá jẹ́ ọwọ́ alágbàtà lẹ ti fẹ́ rà á, ẹ ní kó sọ orúkọ ẹni tó ṣe é fún yín, kí ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn férémù pẹ̀lú ọdún tí ẹ rà á. Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ ti wà nílé yín, ẹ gbé fọ́tò rẹ̀ síbí ká jọ wò ó.