Ẹ̀yin iléèwé yìí, kí ló dé gan-an?

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní aago mọ́kànlá alẹ́ ni kí iléèwé máa fi ìkéde ránṣẹ́ sórí WhatsApp? Pé kí ọmọ wọ aṣọ funfun wá lọ́la, kó mú páálí àti gọ́ọ̀mù dání, ṣọ́ọ̀bù wo ló ṣì ṣí lóru? Tó bá jẹ́ owó iléèwé ni, kíá ni wọ́n á pè ẹ́, wọ́n á tún fi lẹ́tà sínú báàgì ọmọ. Àmọ́ pé ọmọ ò gbọ́ ìṣirò látìgbà tí táàmù ti bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa sọ, àfìgbà tí èsì ìdánwò bá jáde kéèyàn tó rí F gbàgàdà, tíṣà á wá kọ "can do better" sídìí ẹ̀. Ìgbà tí lẹ́sìnnì ṣì lè ràn án lọ́wọ́ ńkọ́, àbí ẹ ò ní nọ́ńbà mi ni? Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ máa ń fi àdúrà àárọ̀ bo ìkéde mọ́lẹ̀ náà, ẹ kú iṣẹ́ o.