Ẹ yé sọ pé Bíńgò kò lè bá tọkọtaya sáré

Ọ̀kun o, gbogbo ilé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Kabba, àbúrò ọkọ mi àti ìyàwó rẹ̀ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìgbéyàwó wọn ò tíì pé ọdún kan. Tíṣà ni àwọn méjèèjì, ẹsẹ̀ wọn kì í gbélé: ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sáré kí wọ́n tó lọ sílé ìwé, bó bá sì di òpin ọ̀sẹ̀, orí òkè ni ẹ ó ti bá wọn. Wọ́n fẹ́ ra ajá, wọn ò sì sin ajá rí. Èwo ni kí àwọn rà?

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu ni bàbá kan tó jókòó nítòsí gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ mi lẹ́nu. Wọ́n ní ẹni tó ń sáré ò gbọdọ̀ fi ajá lókà, ajá ìbílẹ̀ wa tí a ń pè ní Bíńgò, dánra wò. Bíńgò ò lágbára, olè ni, òpè sì ni. Òyìnbó ti ṣẹ̀dá ajá tó ń sáré sílẹ̀ fún irú wọn, kí wọ́n lọ wá Alsatian tàbí Husky. Gbogbo àwọn tó jókòó tì wọ́n ń sọ pé òótọ́ ni, òótọ́ ni. Ká tó wí, ká tó fọ̀, ìyàwó wa ti mú fóònù jáde, ó ń wo fọ́tò Husky olójú búlúù.

Mi ò fèsì lójú agbo, torí àgbà ni bàbá náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í gbọ́. Òun gan-an ni wọ́n sọ fún èmi àti ọkọ mi ní 2019. A gbà á gbọ́, a sì sin òkú ajá lórí rẹ̀.

Alsatian ni tiwa. Àbújá ni a ti rà á ní ₦120,000, owó tí ọkọ mi ti ń tọ́jú láti fi ra ẹ̀rọ tó ń fa omi. Ọmọ oṣù mẹ́ta ni, a sọ ọ́ ní Rex. Ajá dáadáa ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó gbọ́ràn, ó fẹ́ràn wa, bí ọkọ mi bá ti ń so okùn bàtà báyìí, Rex ti lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó lé ní ọdún kan, a bẹ̀rẹ̀ sí í mú un jáde. Nínú ọyẹ́, kò sí wàhálà. Oṣù kẹta wá dé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé láàárín Kabba sí Ìsánlú mọ ohun tí oṣù kẹta ń jẹ́ nílẹ̀ wa, nígbà tí òjò ò tíì rọ̀, tí àwọn àpáta tó yí wa ká ti mu oòrùn yó lọ́sàn-án, tí wọ́n ń tu ooru náà jáde títí ilẹ̀ fi mọ́. Aago méje ààbọ̀ òwúrọ̀ ni, a ò tíì sá ju máìlì méjì lọ. Rex kọ́kọ́ ń fà sẹ́yìn. Ahọ́n rẹ̀ yọ síta gbọọrọ, ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, itọ́ rẹ̀ ki, ó ń mí helehele. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ yẹ̀, ó ṣubú sẹ́bàá títì. Mo sáré lọ tọrọ omi kànga nílé tó súnmọ́ wa jù, ọkọ mi gbé e sábẹ́ òjìji, a ń da omi náà sí i lára, à ń fi aṣọ fẹ́ ẹ, títí mímí rẹ̀ fi rọlẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ọ́ lọ́jọ́ náà.

Dókítà ẹranko tó wò ó ló là wá lójú. Ènìyàn a máa làágùn káàkiri ara. Ajá ò rí bẹ́ẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń làágùn, ìyẹn náà ò sì tó nǹkan. Mímí helehele yẹn, omi tó ń gbẹ lórí ahọ́n àti nínú imú rẹ̀, ni ohun tó fi ń lé ooru kúrò lára. Ara ajá tó dá ṣáṣá máa ń wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 38 sí 39 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bó bá ti kọjá 41, ọpọlọ, kíndìnrín àti ìfun rẹ̀ ti wọ inú ewu. Bí ajá bá sì ń sáré, kì í ṣe ìgboyà ló ń sọ bóyá yóò dé 41. Irun rẹ̀ ni, àti bó ṣe tóbi tó, àti bí imú rẹ̀ ṣe gùn tó.

Ẹ wá fi ojú yìí wo àwọn ajá tí wọ́n ń polówó fún wa. Ajá darandaran Jámánì ni Alsatian. Sójà ẹlẹ́ṣin kan tó ń jẹ́ Max von Stephanitz ló bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní 1899, láti máa da àgùntàn nílẹ̀ tí òjò dídì ti ń bọ́. Ìpele irun méjì ló wà lára rẹ̀, èyí tó gùn lókè, èyí tó rí bí òwú lábẹ́. Ti Husky tún ki ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn Chukchi ní Siberia ló sin ín fún fífa ọkọ̀ orí yìnyín. Àwọn ajá Siberia wà lára àwọn tó gbé oògùn diphtheria, àrùn ọ̀fun tó ń pa ọmọdé, la òtútù kọjá dé ìlú Nome ní Alaska ní 1925, nígbà tí kò sí ohun mìíràn tó lè débẹ̀ lákòókò. Akọni ni wọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tọkàntọkàn. Kí ló wá da Nome pọ̀ mọ́ Kabba nínú oṣù kẹta? Ajá tí wọ́n ń pè ní Caucasian ń ṣọ́ àgùntàn lórí òkè nítorí ìkookò. Rottweiler àti Boerboel, ẹran ara wọn wúwo, ilé àti oko ni wọ́n ń ṣọ́. Ní ti Bulldog, Pug àti Boxer tí imú wọn tẹ́ mọ́jú, ọ̀nà ọ̀fun tí wọ́n ì bá fi lé ooru jáde gan-an ló há. Ẹni tó bá ń bá Bulldog sáré nílẹ̀ Ọ̀kun ń wá ikú fún un.

Bíńgò ńkọ́? Irun rẹ̀ kúrú, ó lẹ̀ mọ́ ara. Ikùn rẹ̀ wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, imú rẹ̀ gùn, kò wúwo. Kò sẹ́ni tó gbé e jókòó sí ọ́fíìsì láti ṣẹ̀dá rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ooru ló pa àwọn tí kò rí bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bímọ.

Bí ẹ ò bá gba èmi gbọ́, ẹ lọ wo àwọn ọdẹ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n bá ti sun igbó, ìdájí ni wọ́n ń jáde, àwọn ajá wọn ń sáré níwájú, agogo kékeré lọ́rùn. Wọ́n á wọ inú koríko tó jó, wọ́n á gun àpáta, wọ́n á sọ̀kalẹ̀ sí àbàtà, wọ́n á tẹ̀lé ọ̀yà láti ihò kan dé èkejì. Ọ̀sán gangan ni ẹ máa ń rí wọn tí wọ́n ń bọ̀, ajá ṣì ń ju ìrù. Ajá wo nìyẹn? Bíńgò kan náà tí wọ́n ní kò lágbára ni. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mo ti ń gbé ilẹ̀ yìí, mi ò tíì rí ọdẹ kan tó mú Husky lọ sígbó ọ̀yà.

Ooru kọ́ ló wá pa Rex nígbẹ̀yìn. Eégbọn ni. Nígbà òjò ọdún yẹn, ó kọ oúnjẹ. A rò pé inú ló ń run ún. Ní ọjọ́ kejì, ìtọ̀ rẹ̀ dà bí omi sobo. Nígbà tí a ya ẹnu rẹ̀, erìgì rẹ̀ ti funfun bíi bébà. Babesia ni dókítà pè é, kòkòrò tíntìnní tí eégbọn ń gbé wọ inú ẹ̀jẹ̀, tí yóò wọ inú àwọn ẹyin ẹ̀jẹ̀ pupa, tí yóò sì bẹ́ wọn. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ diminazene, ṣùgbọ́n a ti pẹ́ jù. Orí ẹsẹ̀ ọkọ mi ló kú sí. Ọmọ mi obìnrin ò jẹun títí ilẹ̀ fi ṣú.

Mo bi dókítà náà pé ṣé eégbọn ò sí lára ajá àwọn aládùúgbò wa ni. Ó ní ó kún ara wọn. Ajá tí wọ́n bí síbí, tí ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀ ti bá àrùn yìí gbé, tó sì ti pàdé rẹ̀ láti kékeré, sábà máa ń ní in díẹ̀, yóò sì bọ́. Èyí tó ti òkèèrè wá, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ òkèèrè wà lára rẹ̀, òun ló máa ń dá gúlẹ̀. Ó ní bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí pẹ̀lú àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Kì í sì ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu dókítà kan ṣoṣo. Ní 2018, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí ajá ìbílẹ̀ Nàìjíríà. Wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ ìran wọn wò látòkè délẹ̀, wọ́n sì bá jíìnì kan níbẹ̀, ìyẹn ohun àjogúnbá tí òbí ń gbé fún ọmọ nínú ẹ̀jẹ̀, ADGRE1 lorúkọ rẹ̀, tí wọ́n so mọ́ bí àwọn ajá wọ̀nyí ṣe ń dúró de kòkòrò àrùn ilẹ̀ olóoru. Àwọn tó ka ajá wa sí nǹkan kan rèé, àwa tó ni ín là ń lé e ní òkúta.

Wọ́n á tún ní òpè ni. Ní 2022, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà béèrè ìwà ajá tó ju 18,000 lọ lọ́wọ́ àwọn olówó wọn, wọ́n sì yẹ jíìnì ajá tó ju 2,000 lọ wò. Nínú gbogbo ìyàtọ̀ ìwà tó wà láàárín ajá kan àti èkejì, nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni irú tí ajá jẹ́ lè ṣàlàyé. Ìyókù wà lọ́wọ́ ajá fúnra rẹ̀ àti ẹni tó tọ́ ọ. Ní ti olè jíjà, ẹ fún un lóúnjẹ. Ajá tí wọ́n ń da egungun sí lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ yóò gbé ẹja yín, Alsatian náà yóò sì gbé e.

Àwọn òyìnbó fúnra wọn ò tilẹ̀ gbà pé ajá Áfríkà ò dáa. Ní àwọn ọdún 1930 ni wọ́n kó ajá ọdẹ láti Congo lọ sí Gẹ̀ẹ́sì, etí rẹ̀ nà sókè, irun rẹ̀ kúrú, ìrù rẹ̀ ká mọ́ ìdí. Basenji ni wọ́n ń pè é. Owó ńlá ni wọ́n ń rà á lónìí. Kí bàbá tó wà níbi ìsọmọlórúkọ náà wo fọ́tò Basenji, kí wọ́n wá wo ajá tó wà lẹ́yìnkùlé wọn.

Mo gbà, bí ẹ bá ń wá ajá tí yóò fi títóbi lásán dẹ́rù ba olè, Boerboel yóò ṣe é ju Bíńgò lọ. Ìyẹn kọ́ sì ni ohun tí tọkọtaya yìí béèrè.

Ọdún kan lẹ́yìn ikú Rex, ọkọ mi lọ bá ọdẹ kan ní Ògìdì. ₦4,000 àti àkùkọ kan la fi gba ọmọ ajá tó dúdú, tó ní funfun ní èékánná. Sùúrù lorúkọ rẹ̀. Kìlómítà mẹ́jọ ló ń bá wa sá báyìí, ó ń gun òkè ṣáájú wa, á dúró lórí àpáta máa wò wá. Oṣù kẹta mẹ́ta ti kọjá lórí rẹ̀. Aládùúgbò kan tó fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí a gbé e délé ti wá béèrè ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tí mo wá sọ fún àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀ nìyí, nígbà tí a délé. Kí wọ́n lọ wo ìyá ajá kí wọ́n tó wo ọmọ. Ìyá tó bá ń gbó tó ń sá sábẹ́ àga nígbà tó rí àlejò, kí wọ́n fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Nínú àwọn ọmọ, kí wọ́n mú èyí tó bá rìn wá bá wọn fúnra rẹ̀. Kí wọ́n má gbé e kúrò lọ́mú kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Lókà kò ní kó má gba abẹ́rẹ́ o. Parvo, àrùn èébì àti ìgbẹ́ gbuuru, ń pa ọmọ Bíńgò bó ṣe ń pa ti òyìnbó, dìgbòlugi ò sì mọ ẹni tó gbówó lórí. Bó bá pé oṣù mẹ́ta, abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ti tó, kí wọ́n sì máa tún un gún bí dókítà bá ṣe ní kí wọ́n ṣe. Kí wọ́n máa yọ eégbọn lára rẹ̀, pàápàá nínú etí àti láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀. Kí wọ́n má mú un sá eré gígùn kó tó pé ọdún kan, torí eegun rẹ̀ ṣì ń dàgbà. Kí wọ́n tètè jáde, kí wọ́n gbé omi dání, kí wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọ̀dà títì. Bí ọwọ́ wọn ò bá lè gbé e, ẹsẹ̀ ajá náà ò lè gbé e. Bíńgò náà lè ṣubú bí ènìyàn bá ń mú un sáré lọ́sàn-án. Kí okùn sì wà lọ́rùn rẹ̀ nítorí àwọn ọlọ́kadà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, àwa mẹ́ta ń lọ sí Ògìdì. Abo ajá ọdẹ náà ti tún bí mẹ́fà, ojú wọn ti là. Bàbá ọdẹ fi fọ́tò wọn ránṣẹ́ lánàá. Ìyàwó wa ní èyí pupa tó ní funfun láyà lòun fẹ́. Mo ní kó kọ́kọ́ jókòó sílẹ̀ lọ́hùn-ún, ká wo èyí tó máa rìn wá bá a.